Agolo Rárá

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ṣe ń yan àwọn orin tí wọ́n máa kọ lójú agbo, ẹ má bi àwọn tó ń fò sókè níwájú wọn o. Àwọn yẹn rò pé bí orin ṣe ń sọ sí olórin lọ́kàn ló ṣe ń kọ ọ́. Irọ́ gbuu. Ìjà ni wọ́n fi ń yàn án. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sì máa ń ja ìjà náà, lórí ìjókòó, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.

Inú ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fóòmù ni ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ti ń jà á. Onífóòmù ló yọ̀ǹda ibẹ̀ fún wọn, torí àwọn fóòmù tó kó ti ògiri máa ń gbé ariwo wọn mì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ọjà bá ti tà, ibì kan lára ògiri á ṣófo. Ọkùnrin tó ń gbé lẹ́yìn ògiri yẹn kì í béèrè bí ọjà ṣe ń lọ. Bí ìlù bá ti ń ró gbì-gbì-gbì lẹ́bàá ìrọ̀rí rẹ̀, ó ti mọ̀ pé Onífóòmù rí tà lónìí.

Mẹ́rin ni wọ́n. Bàbá Ìlù ló dàgbà jù, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì, tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀. Ọ̀fun ni olórin wọn. Iṣẹ́ kíkọ́ èèyàn ní mọ́tò ló ń ṣe, ó sì lè fi odindi ọ̀sẹ̀ pariwo "Búréèkì! Búréèkì!" mọ́ àwọn tó ń kọ́, kó tó wá máa fọwọ́ pa ọ̀fun níwájú àwọn yòókù bí ẹni gbé ẹyin há ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn. Onígìtá jẹ́ tíṣà ìṣirò, kò sì sí ohun tó lè ṣàlàyé láìya àtẹ sí i. Ẹnì kẹrin wọn ni Akọ̀wé, obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, òun ló ń ta gìtá béèsì.

Ṣọ́ọ̀bù awò ojú ni Akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń ní kí èèyàn fọwọ́ bo ojú kan, kó ka lẹ́tà ara ògiri. Lẹ́tà tiẹ̀ náà tóbi, ó dúdú, wọ́n lè kà á lórí ìdúró bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí pèpéle, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó máa kọ ìwé orin. Ó tún ní ìwà kan tó bá iṣẹ́ náà mu: kì í bá èèyàn jiyàn. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ Akọ̀wé, á dúró títí ẹlòmíì á fi ní òun fẹ́ mu omi.

Ẹ wá wo òfin tí wọ́n fi ń to orin. Orin tó yá kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé orin tó yá, torí orúnkún Bàbá Ìlù. Orin tó ga kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé orin tó ga, torí ọ̀fun Ọ̀fun. Àwọn orin tí wọ́n ń dẹ okùn gìtá fún gbọ́dọ̀ wà pa pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Onígìtá á fi ìṣẹ́jú mẹ́ta máa yí etí gìtá rẹ̀, Ọ̀fun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dápàárá láti fi dí àyè náà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àpárá méjì péré ni Ọ̀fun ní, orí mọ́tò sì ni méjèèjì dá lé. "Má Ti Ilẹ̀kùn" ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, torí òun nìkan ni gbogbo èèyàn mọ̀, bí wọ́n bá sì tètè kọ ọ́, wọ́n á gba ilé wọn lọ.

Bí wọ́n bá ti to orin mẹ́tàlá jọ, Akọ̀wé á kọ ọ́ sórí bébà mẹ́rin, wọ́n á wá gbé agolo bisikíìtì kan jáde. Agolo Rárá nìyẹn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní rárá kan ṣoṣo fún òde kọ̀ọ̀kan. Á kọ orúkọ orin tí kò fẹ́ sórí bébà kékeré, kò ní fọwọ́ sí i, á jù ú sínú agolo. Onífóòmù, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, tí orin wọn kò sì wọ̀ ọ́ létí rárá, á wá ṣí i. Á pe orúkọ orin tó bá bá níbẹ̀, kò ní sọ èèyàn mélòó ló kọ ọ́, á ya àwọn bébà náà, á padà sídìí ọjà rẹ̀. Akọ̀wé á wá fi bírò pupa fa ìlà lé orin náà lórí nínú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í tún un kọ. Ta ló ní ọwọ́ tó máa tún gbogbo ẹ̀ kọ?

Òfin kan ṣì kù: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún orin kankan kí wọ́n tó ṣí agolo. Onígìtá ló fà á. Ó ti fìgbà kan fi ogójì ìṣẹ́jú àti àtẹ mẹ́ta bẹ̀bẹ̀ fún "Ìjì", orin tó fúnra rẹ̀ kọ, tó gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, tó pín sí apá mẹ́rin, tí kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Bàbá Ìlù sùn lọ nígbà tí àlàyé dé apá kejì.

Orin kẹfà lórí ìwé náà ni "Bàtà Ẹnu Ọ̀nà". Akọ̀wé ló kọ ọ́, orin kan ṣoṣo tó kọ láyé rẹ̀, nígbà tí baba rẹ̀ kú. Baba náà ló ń rán bàtà gbogbo àdúgbò, bàtà tirẹ̀ sì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, kò sẹ́ni tó lè gbé e kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n kọ orin yìí lójú agbo, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọn ò sì kọ ọ́ parí. Láti ìgbà náà, bí Onífóòmù bá ti ṣí agolo, orúkọ kan náà ló máa ń pè: "Bàtà Ẹnu Ọ̀nà." Akọ̀wé á ní kò burú, á fa ìlà pupa rẹ̀, á délé, á kọjú sí ògiri. Ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé Onígìtá ni, torí wọn kì í dẹ okùn kankan fún orin náà, yóò sì di dandan fún un láti tún etí gìtá rẹ̀ yí padà. Òun alára kò lo rárá tirẹ̀ rí. Bébà òfìfo ló máa ń jù sínú agolo, kó má bàa dun ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ti Ọjọ́bọ̀ yìí yàtọ̀. Ìyá Akọ̀wé ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ó sì ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ọjọ́ Ajé, ibi tó jìnnà débi pé ọkọ̀ òfuurufú méjì ni wọ́n máa wọ̀. Ìyá náà kò wá síbi tí wọ́n ti ń kọrin rí. Ariwo ló ń pè é. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù lọ́wọ́, ó ṣàdédé gbórí sókè.

"Wọ́n ní o kọ orin kan nípa bàtà baba ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́sàn-án."

"O ò sì kọ ọ́ sí mi létí." Ó ká ìró kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí. "Ó dáa. Màá wá ní Sátidé. Ẹ̀ẹ̀kan ni màá wá o. Ẹ kọ ọ́ dáadáa."

Kí ni Akọ̀wé fẹ́ sọ? Ṣé kó sọ pé orin náà kì í kọjá inú agolo ni? Ó mú aṣọ kan, ó ká a, ó tú u, ó tún un ká.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Ọ̀fun kò sọ̀rọ̀. Ó ń fún ohùn rẹ̀ nísinmi de òde Sátidé, síléètì ló gbé kọ́rùn, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì há etí. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe wá ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò. Ó kọ ọ́ fún wọn pé lánàá, kí òun tó kọ BÚRÉÈKÌ tán, ọkọ̀ ti wà nínú ọgbà òdòdó onílé kan.

Akọ̀wé ya ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta láti sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ó rántí òfin, ó pa á dé lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí agolo yí kàn án, ó tún ju bébà òfìfo rẹ̀ sí i bó ṣe máa ń ṣe.

Onífóòmù yọ orí láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, tọkọtìyàwó kan wà níta tí wọ́n ti sùn wò lórí fóòmù mẹ́fà láti àárọ̀. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ báyìí, wọ́n á sùn lọ fọnfọn. Akọ̀wé, ẹ bá mi ṣí i."

Ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò ṣí agolo náà rí. Bàbá Ìlù ní kí wọ́n kúkú dúró de Onífóòmù. Onígìtá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ìkánjú. Ọ̀fun ń sáré kọ nǹkan sórí síléètì. Àmọ́ Akọ̀wé ti ṣí i.

Bébà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣófo: tirẹ̀ nìyẹn. Èkejì jẹ́ etí àpò sìmẹ́ǹtì, pẹ́ńsùlù bíríkìlà ni wọ́n fi kọ ọ́: "Bàtà Ẹnu Ọ̀nà". Ẹ̀kẹta jẹ́ bébà onílà wínníwínní tí àwọn oníṣirò ń lò, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jókòó sínú àpótí tirẹ̀: "Bàtà Ẹnu Ọ̀nà". Ẹ̀kẹrin jẹ́ ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ìdánwò ọkọ̀: "Bàtà Ẹnu Ọ̀nà". Ẹni tó ń wo ojú ìwé àti ojú èèyàn jẹun kò ní ṣi èyí kà.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ó ní. Ohùn rẹ̀ tó máa ń rọra jáde kò rọra jáde mọ́. "Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ọdún mẹ́sàn-án! Ṣé orin náà burú tó bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ sí mi lójú, tí ẹ wá ń pa á sínú agolo bí ẹni pa èkúté?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú síra wọn.

"Ìwọ náà ni?" Bàbá Ìlù bi Onígìtá.

"Àṣé ẹ̀yin náà ni, Bàbá?"

Ọ̀fun gbé síléètì sókè: MO RÒ PÉ ÈMI NÌKAN NI.

"Háà! Ẹ ti pa mí!" Bàbá Ìlù dìde, orúnkún rẹ̀ dún. "Láti ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ yìí lu 'Wáyà Ti Já'! Bí mo bá délé, ìyàwó mi á máa fi yìnyín pa á fún mi. Rárá kan ṣoṣo tí mo ní, orí orin ọmọ yìí ni mò ń ná an sí. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń ná tiyín síbẹ̀, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Onígìtá ti mú bírò. "Òde mẹ́fà lọ́dún, ọdún mẹ́sàn-án. Rárá méjì ṣòfò lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Rárá mẹ́jọ lé lọ́gọ́rùn-ún ló ti bá omi lọ." Ó ju bírò sílẹ̀. "Èmi ò sì fẹ́ gbọ́ 'Má Ti Ilẹ̀kùn' mọ́ láyé mi! Ibi mẹ́ta péré ni ìka mi ń lọ nínú ẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yin fẹ́ràn ẹ̀ ni!"

ÀTẸ̀GÙN OGÓJÌ, Ọ̀fun kọ ọ́ gàdàgbà. Orin yẹn máa ń gòkè, gòkè, títí ojú Ọ̀fun á fi pọ́n bí iná ojú pópó. Ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kán sí méjì.

"Èmi ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀!" Akọ̀wé fi agolo lu ilẹ̀ gbàgà. "Kí ni orin mi ṣe fún yín?"

Bàbá Ìlù rọra jókòó. "Ọmọ mi, ṣé o ti gbàgbé ọjọ́ yẹn ni?"

Kò gbàgbé. Nígbà tí orin náà dé ẹsẹ kejì lọ́jọ́ yẹn, ó rọra gbé gìtá rẹ̀ sílẹ̀, ó gba àárín èrò kọjá, ó jáde. Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni wọ́n ti rí i, ó jókòó sínú ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ó di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ẹni tó ni ọkọ̀ dúró síta nínú òjò, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ bó ṣe máa ní kó sọ̀ kalẹ̀.

"Mo sọ lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà," Bàbá Ìlù ní, "pé bí mo bá ṣì ń mí, kò sẹ́ni tó máa mú ọmọ yìí kọ orin yẹn mọ́. Èmi náà ti sin baba rí."

Ọ̀fun fi apá aṣọ nu síléètì, ó fi ṣọ́ọ̀kì tó kán kọ ọ́: ÈMI NÁÀ.

"Èmi náà," Onígìtá ní. "O máa ń fi sínú ìwé. Mo rò pé o kàn ń fi yẹ́ baba ẹ sí ni."

Akọ̀wé kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín tàbí kó ju agolo lù wọ́n. Inú ń bí i, inú rẹ̀ sì ń dùn, àwọn méjèèjì sì fẹ́ gba ẹnu kan ṣoṣo jáde. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni baba mi tíì kú nígbà yẹn! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ta ni ò ní sunkún? Ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Kí ló dé tí ìwọ náà ò sọ?"

"Òfin ní ká má bẹ̀bẹ̀!"

"Torí tèmi ni wọ́n ṣe òfin yẹn," Onígìtá ní, ojú ń tì í.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tó jáde, Sátidé, ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ òfuurufú méjì. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Onífóòmù wọlé, inú rẹ̀ ń dùn, ó na ọwọ́ sí fóòmù ẹ̀yìn Bàbá Ìlù. "Ìyẹn ni wọ́n mú! Kí ló dé tí gbogbo yín fajú ro?" Wọ́n sọ fún un. Ó mirí. "Ẹ ò mọ̀ ni? Mẹ́ta-mẹ́ta ni mo máa ń bá a níbẹ̀. Mo sáà rò pé orin náà burú kọjá àfẹnusọ ni." Ó gbé fóòmù rẹ̀ rù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Rárá mẹ́ta ti wá bọ́ sílẹ̀ lófìfo, kíá ni wọ́n ná an. "Wáyà Ti Já" lọ. "Àtẹ̀gùn Ogójì" lọ. Nígbà tó kan "Má Ti Ilẹ̀kùn", Ọ̀fun kọ ọ́ pé WỌ́N Á SỌ WÁ LÓKÒ, Onígìtá sì gbà pẹ̀lú ìbínú, bí wọ́n bá lè fi "Ìjì" rọ́pò àwọn tó lọ. Wọ́n gbà fún un, apá kan nínú mẹ́rin. Ìṣòro tó kù ni pé kò sẹ́ni tó mọ "Bàtà Ẹnu Ọ̀nà" kọjá ẹsẹ kejì. Wọn ò débẹ̀ rí. Akọ̀wé ló wá ń kọ́ wọn títí ilẹ̀ fi ń ṣú, pẹ̀lú ihò ńlá lára ògiri, ọkùnrin ẹ̀yìn ògiri náà sì kọ́ ọ mọ́ wọn.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ni, ní aago mẹ́rin. Ìyá Akọ̀wé jókòó ní ìlà iwájú, àpamọ́wọ́ rẹ̀ wà lórí itan, òwú wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Akọ̀wé ti tún ìwé orin kọ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níwájú oníkálukú. Kò sí ìlà pupa lórí nọ́ńbà mẹ́fà. Ó tiẹ̀ ti kọ ọ́ tóbi bíi lẹ́tà òkè pátápátá lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn, èyí tí àgbàlagbà tó gbàgbé awò sílé pàápàá máa ń rí kà.

Wọ́n kọ orin márùn-ún, ó dùn. Ọ̀fun nu òógùn ojú, Bàbá Ìlù fi ọ̀pá gbá ara wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì gbé e. "Òjò Ọ̀sán" ni wọ́n gbé. Nọ́ńbà méje.

Kò sẹ́ni tó pète rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọwọ́ wọn ti ń fo ibẹ̀. Akọ̀wé rí lẹ́tà gàdàgbà tó kọ fúnra rẹ̀. Ó ya ẹnu, kò sí ohun tó jáde, ó pa á dé. Ìka rẹ̀ sì ń ta "Òjò Ọ̀sán" lọ ní tirẹ̀.

"Ẹ dúró!"

Ìyá rẹ̀ ni. Ó ti dìde. Nítorí òwú tó wà létí rẹ̀, kò gbọ́ bí ohùn òun ṣe ń lọ sókè tó, kò sì sí máìkì tó lè bá a dọ́gba.

"Ẹ ti fo nọ́ńbà mẹ́fà! Ibí ni mo jókòó sí tí mo ti ń kà á!"

Ìlù dákẹ́, gìtá dákẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀fun, tó ti fi odindi ọjọ́ mẹ́ta tọ́jú ohùn, dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, Màmá."

Ìyá náà yọ òwú etí ọ̀tún, ó yọ ti òsì, ó kó méjèèjì sínú àpamọ́wọ́, ó pa á dé. "Ó yá."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ẹsẹ kejì, àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú, Akọ̀wé ni wọ́n ń wò, wọn ò wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́. Onígìtá ṣi ìka gbé. Bàbá Ìlù pàdánù ìlù. Ọ̀fun gbàgbé ìlà kan. Béèsì nìkan ló kù tó ń gbé orin náà lọ, ojú ẹni tó ń ta á sì gbẹ. Akọ̀wé mirí sí wọn pé ẹ máa bọ̀, wọ́n sì bá a wọnú ẹsẹ kẹta tí etí èrò kankan kò gbọ́ rí, ibi tó ti ní lọ́jọ́ kan ẹnì kan máa gbé bàtà náà kúrò, kì í ṣe pé ó gbàgbé ẹni tó ni ín, ó kàn fẹ́ gbálẹ̀ ibẹ̀ ni. Ojú Bàbá Ìlù rin gbingbin. Lẹ́yìn náà ó ní òógùn ni. Wọ́n gbà fún un.

Nígbà tí òde tú, ìyá náà dúró nídìí pèpéle, àpamọ́wọ́ rẹ̀ wà ní abíyá.

"Orin náà dáa," ó ní. "Àmọ́ baba ẹ ò fìgbà kankan bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Àárín pálọ̀ ló máa ń bọ́ ọ sí, tí mo máa ń bá a jà. Ọjọ́ tó kú ni mo gbé e lọ síbẹ̀."

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? O ò bi mí." Ó nu ojú ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Wọ́n sì fẹ́ fò ó."

"Ẹ má bínú sí wọn. Ó ti mọ́ wọn lára ni."

"Ta ló ń bínú sí wọn? Ọwọ́ ẹ ni mò ń wò. Ìwọ náà ń fò ó lọ." Ó di ọwọ́ náà mú, ó wò ó bí ẹni tó ń wá ojú ọgbẹ́. "Lọ́jọ́ Ajé mo ti lọ o. Tó bá wá dìgbà yẹn, ta ló máa pariwo?"

Akọ̀wé gbé ìyá rẹ̀ dé ilé, ó bá a di ẹrù tó kù, lọ́jọ́ Ajé ó sì sìn ín dé ibi ọkọ̀ òfuurufú. Bàtà náà wà nínú àpótí, láàárín àwọn ìró.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kí àwọn yòókù tó jókòó, ó ti kọ nọ́ńbà kìn-ín-ní sórí ìwé orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: "Bàtà Ẹnu Ọ̀nà". Níbẹ̀, kò sí orin kankan ṣáájú rẹ̀ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè tibẹ̀ fò ó, títí kan ọwọ́ Akọ̀wé alára. Bàbá Ìlù kà á, ó ní ó dáa. Onígìtá wá ń fi ọgbọ́n bi wọ́n bóyá "Ìjì" lè gba apá méjì lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí agolo yí dé ọ̀dọ̀ Akọ̀wé, ó ya bébà kékeré, ó kọ rárá àkọ́kọ́ nínú ayé rẹ̀ sí i pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi tó sì dúdú, "Ìjì", ó sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.